Ọkọ̀ Kékeré, Iṣẹ́ Ńlá
Bíbélì kíkà: Òwe 13:17; 25:13

Ẹ̀yin ará, kí tẹlifóònù tó dé, àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń ní ọkọ̀ kékeré tó ń sáré gan-an, tí wọ́n fi ń gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gágun lọ sílé. Kì í sábà ní ìbọn ńlá. Eré sísá ni agbára rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni HMS Pickle. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1805, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Faransé àti Sípéènì ní Trafalgar, ṣùgbọ́n Nelson, ọ̀gágun wọn, kú. Collingwood, tó gba ipò rẹ̀, kọ ìròyìn, ó sì fi rán Lapenotiere, ọ̀gá ọkọ̀ Pickle. Ó gbéra ní ọjọ́ 26, ó sì gúnlẹ̀ sí Falmouth ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá. Kò dúró sinmi. Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó pààrọ̀ ẹṣin nígbà 21, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù lóru mọ́jú ọjọ́ 6. Ayọ̀ àti ọ̀fọ̀ ló gbé wá. Méjèèjì ló jẹ́.

Ìtàn yìí bá mi wí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá pè mí, torí fóònù ọ̀rẹ́ mi ti kú. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, sọ fún un pé ara Bàbá ò yá rárá, kó máa bọ̀ lónìí." Ọ̀rẹ́ mi ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe, ni mo bá sọ fún un pé, "Wọ́n ní kí o wálé tí o bá ti ráyè." Ó ṣe ìdánwò tán kó tó lọ. Bàbá ti kú kó tó dé.

Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ó ní, "O ò bá jẹ́ kí n fúnra mi yàn."

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yẹn ni mo fi dá ara mi láre nígbà náà. Mo ti wá rí i pé ohùn tí a fi jẹ́ iṣẹ́ ló kàn, kò fún wa láyè láti gé iṣẹ́ náà kù. Mo lè fà á jókòó, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n sì sọ gbogbo rẹ̀.

Fún ìjíròrò:
1. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ tí o kò tíì jẹ́?
2. Ṣé apá tó dùn nìkan lo máa ń sọ?