Ọ̀rọ̀-ìṣe 'gé' nínú Àkọsílẹ̀ Ọgbẹ́ Ìka Ọwọ́

1. Ìfáárà

Apple Junction jẹ́ ìkóríta kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí Festac Town, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú ti ọdún 1977. Bí alápatà kan láti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn, ohun tí yóò sọ ni (1):

(1) Ọ̀bẹ gé mi níka.

Bí akọ̀wé bá wá kọ (2) dípò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà:

(2) Ìka gé.

2. Ohun tí ìwé ìsọ̀rí ń béèrè

Ìwé Ìsọ̀rí Àrùn Káríayé, ẹ̀dà kẹwàá, tí Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1990, fi àmì S61 sí ọgbẹ́ ọrùn-ọwọ́ àti ọwọ́. S61.0 ni ti ìka tí èékánná rẹ̀ kò fara pa, S61.1 ni ti èyí tí èékánná rẹ̀ fara pa. Ìka ọwọ́ tó gé já pátápátá bọ́ sí S68. Ọgbẹ́ ìka ẹsẹ̀ bọ́ sí S91. Ohun tó fa ọgbẹ́ náà ní àmì tirẹ̀: W25 fún àfọ́kù dígí, W26 fún ọ̀bẹ. Ẹ̀dà kọkànlá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ṣì ya ọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìka tó gé já.

3. Ìtúpalẹ̀

(3a) Ọ̀bẹ gé e níka.
(3b) Ọ̀bẹ gé ìka rẹ̀.
(3c) Ọ̀bẹ gé ìka rẹ̀ jábọ́.

Nínú (3a), ẹni tó fara pa ni àbọ̀ 'gé'; 'ní' sì fi ibi tí ọgbẹ́ wà hàn. Ọgbẹ́ nìkan ni gbólóhùn náà ń sọ. Nínú (3b), ìka fúnra rẹ̀ ni àbọ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọgbẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ìka ti lọ. 'Jábọ́', ọ̀rọ̀-ìṣe kejì inú (3c), ló mú iyèméjì kúrò. Irú iyèméjì (3b) ló wà nínú (2). Aláìsàn ṣe ìyàtọ̀. Akọ̀wé ló pa á rẹ́. Síbẹ̀, (1) pàápàá kò sọ bóyá ìka ọwọ́ ni tàbí ti ẹsẹ̀.

4. Àbá

Kí 'ọgbẹ́ gígé' dúró fún ibi tí nǹkan mímú là, 'ọgbẹ́ gígún' fún ibi tí ó gún wọlé, 'ìgéjá ìka' fún ìka tó bọ́. 'Egbò' kò yẹ níbí, nítorí ọgbẹ́ tó ti pẹ́ ni a sábà ń pè bẹ́ẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ tẹ̀ lé ètò yìí: irú ọgbẹ́, ìka, ọwọ́, èékánná, ohun tó fà á:

(4) Ọgbẹ́ gígé. Àtàńpàkò ọwọ́ òsì. Èékánná kò fara pa. Ọ̀bẹ ló fà á.

Láti inú (4), S61.0 àti W26 yóò jáde láìsí àròsọ.

5. Àgbálọgbábọ̀

Bí (2) bá wà nínú ìwé, a lè ka ẹni tó fara gbọgbẹ́ díẹ̀ mọ́ àwọn tó pàdánù ìka, tàbí kí a ka ẹni tó pàdánù ìka sí ọlọ́gbẹ́ lásán. Ìwé náà sì ni oníṣègùn tó kàn yóò gbẹ́kẹ̀ lé.