Ìbéèrè Tó Ń Tẹ̀lé "Bẹ́ẹ̀ Ni"

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àmì ìṣáájú ìsínwín lára àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn àwọn ìyípadà kéékèèké tó máa ń yọjú kí àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní psychosis tó hàn sí gbogbo ayé, kì í ṣe iṣẹ́ ìwé nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí a kọ ìmọ̀ràn yìí fún, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, Sángo àti Ìjókò, ti mọ bí wọ́n ṣe ń pín fọ́ọ̀mù, bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì, nítorí náà a kò ní í fi èyí fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun tó bí ìmọ̀ràn yìí ni àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún ikọ̀ kan ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, nítorí pé ikọ̀ náà yẹ òṣìṣẹ́ 120 wò ní ilé iṣẹ́ kan láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹnu géètì ni wọ́n ti pín fọ́ọ̀mù náà nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán ń jáde tí àwọn oníṣẹ́ òru ń wọlé; wọ́n ka iye "bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n sì kó orúkọ àwọn tí máàkì wọn pọ̀ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni kan tó jókòó ti ẹyọ kan nínú wọn. Ohun ìtìjú ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

PQ-16 ni ìwé tí wọ́n lò, ìyẹn ìbéèrè 16 tí Ising àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Netherlands ní ọdún 2012, èyí tí kò gùn. Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwé náà ní kí wọ́n pè jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kíkún, irú CAARMS tí Alison Yung, Patrick McGorry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Melbourne. Nígbà tí wọ́n dán PQ-16 wò lára àwọn tí ìnira ọkàn ti gbé wá sí ilé ìwòsàn, 44 péré nínú 100 àwọn tó kọjá ààlà náà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́rìí sí. Géètì ilé iṣẹ́ kì í sì ṣe ilé ìwòsàn. Ká ní òṣìṣẹ́ 1,000 wà níbì kan, tí 20 nínú wọn wà nínú ewu ní tòótọ́, tí ìwé náà sì ṣe dáadáa gẹ́gẹ́ bó ti ṣe ní Netherlands, tó mú 87 nínú gbogbo 100 tó wà nínú ewu, tó sì dá 87 nínú gbogbo 100 tí kò sí nínú ewu sílẹ̀, èèyàn bíi 144 ni yóò kọjá ààlà, 17 péré ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn nínú wọn. Àwọn 127 yòókù ńkọ́, tí orúkọ wọn ti dé iwájú ọ̀gá iṣẹ́? Àní àwọn tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá tiẹ̀ jẹ́rìí sí pé wọ́n wà nínú ewu, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn ni ìsínwín máa ń mú láàárín ọdún mẹ́ta. Asẹ́ ni ìwé yìí, kì í ṣe agbada. Ohun tó bá kọjá lójú asẹ́ kò tíì di gàrí títí wọn ó fi yan án.

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n fò ni ìbéèrè tó ń tẹ̀lé "bẹ́ẹ̀ ni": kí ni ó gbọ́, ìgbà wo, níbo, ṣé ẹlòmíràn gbọ́ ọ, kí ló ṣe sí i, ṣé ó ń dà á láàmú? Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ṣe dáhùn ìpè tí kò bá rí ẹni tó pè é, nítorí náà ẹni tó ní òun gbọ́ orúkọ òun lóru lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń sọ. Bí fọ́ọ̀mù bá sì béèrè bóyá àwọn kan ń gbèrò ibi síni, ta ni yóò ní rárá nínú àwọn tí wọ́n fi "ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé" tọ́ dàgbà? Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ríran lọ́jọ́ ìsọjí, tí gbogbo ìjọ sì bá a dúpẹ́, kò dà bí ẹni tó ń ríran nínú yàrá tó ti tì mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" kan náà ni àwọn méjèèjì yóò fa ìlà sí. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, síbẹ̀ iṣẹ́ ti fa Ẹ̀gùn, Ìgbò, Ìdọ̀mà àti àwọn mìíràn wá síbẹ̀, tí èdè orí fọ́ọ̀mù kì í ṣe èdè tí wọ́n fi ń lálàá.

Ọgbọ́n ká wádìí kọjá máàkì kì í ṣe tuntun. Nígbà tí T. Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ìbátan kan a sì bá aláìsàn wá, ẹni tó lè sọ bó ti rí tẹ́lẹ̀. Ní Abẹ́òkúta kan náà ni Okewole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo PQ-B, ẹ̀gbọ́n PQ-16 tó ní ìbéèrè 21, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015. Wọn kò dúró sórí máàkì, wọ́n tún fi SIPS, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe ní Yale, yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ yára ju àwọn wọ̀nyí lọ, kó sọ ohun tó ń lé e.

Ní àdúgbò ilé iṣẹ́, ìbéèrè tó ń tẹ̀lé "bẹ́ẹ̀ ni" yìí gbọ́dọ̀ dé orí oorun, nítorí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ òru léraléra, tó sì ń sùn lọ́sàn-án nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè gbọ́ ohùn ní bèbè oorun láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú. Ó gbọ́dọ̀ dé orí àwọn oògùn olóró bíi igbó, colorado àti skuchies pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́, láìfi ohùn ọlọ́pàá béèrè, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ohùn náà ń bọ̀ nígbà tí kò mu ohunkóhun. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́; òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958, kò fi àyè gba kí wọ́n fi irú àìsàn yìí yọ èèyàn sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni àbájáde ń lọ, láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò tàbí Yábà bó bá yẹ.

Abẹ́ mátírọ̀nù kan tó ti dolóògbé ni àgbà tó kọ ìmọ̀ràn yìí ti kọ́ṣẹ́, obìnrin tí kì í pariwo, tó sì máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ parí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó ní, "Gbé bírò yẹn sílẹ̀ jàre." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ irin, ó ní ẹ̀rọ ń pe òun ní Àkànní. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ ohùn. Mátírọ̀nù béèrè ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ni. Ó béèrè iye òru tó ti ṣiṣẹ́ tẹ̀léra; mẹ́sàn-án ni. Wọ́n bá a gba ìsinmi, ó lọ sùn, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọbìnrin kan tó ń di bisikíìtì sínú páálí, tí "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà sì ti to ìwé rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ara wọn le. Orí ọmọ náà ni mátírọ̀nù wò. "Ta ló dirun yìí fún ọ?" Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti Ọdún Àjíǹde. Wọ́n jókòó fún wákàtí kan gbáko kí ó tó sọ ìdí tí òun fi fi aṣọ bo dígí: ojú tó wà níbẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó di tòun. Máàkì rẹ̀ kò sọ èyí. Ìwé ìkọ́ṣẹ́ ọdún náà ṣì wà nínú àpótí àgbà yìí, àmì mẹ́ta péré wà lójú ewé ọjọ́ náà, "kò sí ewu" sì wà nísàlẹ̀ wọn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì fa ìlà sí nídìí.