Omi Ìdọ̀tí àti Omi Kànga

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n omi tí a ti lò tán, tí a kò sì tọ́jú, ọ̀tá ni fún omi mímu.

Ìkirè àti Àpòmù súnmọ́ ara wọn lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń fún mọ́ ilé, olúkúlùkù pẹ̀lú ṣáláńgá àti kànga tirẹ̀. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ẹ̀gẹ́ tí a fún láti fi ṣe gàrí kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Wọn a rọra wọ inú ilẹ̀, wọn a sì dé inú kànga láìsí ẹni tí ó rí wọn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ju 500 ènìyàn lọ láàárín ọjọ́ 10 ní àdúgbò Soho. Dókítà John Snow wádìí ilé àwọn òkú, ó sì rí i pé kànga kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń mu omi. A yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbẹ́ ilẹ̀, tí a sì rí kòtò ìgbẹ́ kan tí kò jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ó ń jò. Ní Nàìjíríà, ní ọdún 1991, àrùn kan náà pa ju 7,000 ènìyàn lọ.

Nítorí náà, èkíní, kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kí kànga sì wà ní apá òkè. Kí onílé wo ṣáláńgá aládùúgbò pẹ̀lú, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà.

Èkejì, kí a mọ ẹnu kànga ga, kí a dé e, kí a má sì gbé dòrò lélẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí omi ìwẹ̀ àti ti ìdáná máa ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó fẹ́ràn omi púpọ̀. Dòdò kì yóò sì wọ́n ní Ìkirè. Ṣùgbọ́n kí a má da omi ẹ̀gẹ́ sí odò, nítorí májèlé inú rẹ̀ a máa pa ẹja.

Ẹ̀kẹrin, níbi tí ilẹ̀ kò bá gba ẹsẹ̀ bàtà 100, kí a se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa.

Ẹni tí ó gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀gbẹ́ kànga ẹlòmíràn, ẹ̀mí ọmọ aládùúgbò ni ó fi wewu. Ọmọ tirẹ̀ náà sì ń mu nínú omi ìlú.