Má Fomi Pa Á, Ọmọ Mi

Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé o ti kó dé ilé rẹ l'Ẹ́gbẹ́dá, pé o sì ń wá òdòdó tí kì í rọ tí o máa gbìn síwájú ìta, irú èyí tí a lè gé, kí a gbẹ ẹ́, kí a tọ́jú rẹ̀ sí pálọ̀ títí ọdún á fi yí po tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣá. Inú mi dùn sí i, nítorí ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, níbi tí èrò pọ̀ sí ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń fi íńtálọ́ọ̀kì bo àgbàlá rẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ kànga kí ọkọ̀ méjì lè ráyè dúró, ẹni tó bá ṣì fi bíńtín ilẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó ń hù, onítọ̀hún ní làákàyè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n pè ọ́ jókòó kí o tó náwó.

Èyí tí o fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, tó tóbi, tó ń dán, tó ní àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ osùn, ará Ọsirélíà ni. Xerochrysum bracteatum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne Pierre Ventenat ló sì kọ nípa rẹ̀ ní 1803, nígbà tó ń ṣe ìwé lórí àwọn òdòdó inú ọgbà Malmaison, ọgbà Joséphine ìyàwó Napoléon. Òdòdó tó gbayì ni, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ti rin, ńṣe ló máa ń pa ojú rẹ̀ dé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì wà nínú omi, gbòǹgbò á jẹrà. Ìwọ náà sì mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí l'Ékòó láti oṣù Ẹ̀bìbí títí di Agẹmọ, tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ yóò ṣì tutù di ọjọ́ kejì. Páálí tí wọ́n fi ń di irúgbìn rẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó yóò sọ fún ọ pé oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni kí o gbìn ín, nítorí pé ìgbà náà ni òtútù ń kúrò lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀dọ̀ tiwa, ìgbà náà ni òjò ń bọ̀, òjò kò sì bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Páálí yẹn kò mọ Ìkòtún àdúgbò wa níbí, ọmọ mi. Má fi í ṣe babaláwo rẹ.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbìn ni Gomphrena globosa. Linnaeus ará Sweden ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1753, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ àti tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. O ti rí i rí: igi rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, orí òdòdó rẹ̀ ṣe roboto, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ àlùkò ló sì wọ́pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun wà, àwọ̀ osùn náà sì wà. Bí o bá fi ìka méjì yí i, yóò dún wàràwàrà létí rẹ, ó ti gbẹ láti orí igi kí o tó gé e rárá. Nítorí pé ohun tí a rò pé ó jẹ́ òdòdó yẹn, ewé gbígbẹ tó fi bo ara rẹ̀ ni, òdòdó gan-an kéré, ó sá pamọ́ sáàárín, bí o bá wò ó súnmọ́ wàá rí i tó ń yọ ẹnu funfun kékeré. Ìdí tí kò fi rọ nìyẹn. Ohun tí kò ní omi lára, kí ni oòrùn fẹ́ fà jáde nínú rẹ̀? Àwọn ará Nepal mọ ìwúlò èyí, nítorí pé nígbà ọdún Tihar, òdòdó yìí ni àwọn arábìnrin ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn àwọn arákùnrin wọn, kí ẹ̀mí arákùnrin lè gùn bí òdòdó náà ṣe ń pẹ́.

Ilẹ̀ wa kò sì ní í kà á sí àlejò. Ìdílé kan náà ni wọ́n pín òun, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò sí, ìwọ náà sì mọ̀ pé ibi tí a bá ní kí tẹ̀tẹ̀ má tẹ̀, ibẹ̀ gan-an ní í tẹ̀. Kódà ọmọ ìyá rẹ̀ kan, Gomphrena celosioides, tó ń yọ orí funfun kékeré, tó ń fà nílẹ̀, ti di koríko ẹ̀bá títì níbi gbogbo l'Ékòó. O ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà ní ibùdókọ̀ láìwo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bomi rin ín, kò sẹ́ni tó fi ajílẹ̀ sí i, ó sì ń bẹ níbẹ̀.

Wàyí o, ìgbà. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni wàá mú nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, ìgbà ni kí o mú. Láti 2008 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún igi, torí igi ń fẹ́ omi láti fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n fi òdòdó yìí bá igi rìn, tí wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, tí omi sì bò ó mọ́lẹ̀ kó tó yọ ewé mẹ́fà. Ìparí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ. Kí ni o fẹ́? O fẹ́ kó yọ òdòdó nígbà tí atẹ́gùn bá gbẹ, kí o lè gé e, kí o lè sá a, kí èbu má ta sí i. Ọyẹ́ ló ń bá ni gbẹ nǹkan, oṣù Ọ̀pẹ sí Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń dé bá wa ní Èkó. Irúgbìn yìí ń gba bí oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí a gbìn ín kó tó yọ òdòdó dáadáa. Ka oṣù mẹ́ta padà sẹ́yìn láti oṣù Ọ̀pẹ, ibo lo já sí? Oṣù Ọwẹ́wẹ̀, nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù Ògún, òjò tí yóò bá ọ wẹ irúgbìn rẹ dàgbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, tí yóò sì kágbá nílẹ̀ ní Bélú kó tó di pé ó lè bà á jẹ́. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó nìyẹn, bí ọmọdé bá gun igi kò lè rí i.

Ilẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń le gbagidi bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, nítorí náà da iyanrìn pọ̀ mọ́ ọn, kí o fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí kò rùn mọ́, sí i díẹ̀, kí o sì wa á sókè bí ebè kí omi lè máa sàn kúrò. Bó bá jẹ́ pé íńtálọ́ọ̀kì ti gba gbogbo ilẹ̀, rọ́bà ọ̀dà tó ti tán tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí yóò ṣe é, kí o ṣá ti lu ìdí rẹ̀ jo níbi mélòó kan. Ohun kan ni kí o yẹra fún: àwọn kan yóò bá ọ polówó ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, tí wọ́n kó láti ẹ̀gbẹ́ àkìtàn Solous ní Ìgàndó, lójú ọ̀nà LASU sí Ìbà. Àwọn olùwádìí ti yẹ ilẹ̀ àti omi àyíká ibẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì bá irin olóró bí òjé níbẹ̀. Òótọ́ ni pé a kì í jẹ òdòdó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ wàá fẹ́ gbin ṣọkọ sínú rọ́bà kan náà.

Irúgbìn rẹ̀ kéré, àwọ̀ ilẹ̀ ni, owú funfun kan ló sì fi wé ara rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí omi tètè wọ inú. Bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, fi iyanrìn díẹ̀ ra á títí owú yẹn yóò fi bọ́, lẹ́yìn náà rẹ ẹ́ sómi di àárọ̀. Má ri í mọ́lẹ̀ jìnnà, ìwọ̀n ìdajì sẹ̀ǹtímítà ti tó. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì yóò hù. Bó bá yọ ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣí i nípò, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni kí o gbé e sí. Lábẹ́ igi máńgòrò kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ṣíji bò ó kọ́.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó kàn, níbí sì ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ mi yé. Wàá ti ibi iṣẹ́ dé, lẹ́yìn tí súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ ọkọ̀ Ìkòtún ti fi ojú rẹ rí màbo, wàá wo òdòdó rẹ, àánú rẹ̀ á ṣe ọ́, wàá bu omi kan sí i. Ìyàwó rẹ tó jí láàárọ̀ kò mọ̀ pé o ti bù, yóò bu tirẹ̀. Ìyá ìyàwó tó wá kí yín lọ́sàn-án yóò ní ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ nǹkan tọ́jú, òun náà yóò fa páìpù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín yóò fi inú rere pa á. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ìdí igi á rọ̀, á dúdú, nígbà tí ẹ bá sì rí i pé ó ń wó, omi mìíràn ni ẹ ó tún bù sí i. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń kú ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀ngbẹ kọ́ ló pa wọ́n, àwa tí a fẹ́ràn wọn ni.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Bí òjò bá ń rọ̀, fi í sílẹ̀ pátápátá. Bí òjò bá dá, ki ìka rẹ bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, padà sínú ilé. Bí ewé rẹ̀ bá sorí kọ́ nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń ta, má dá a lóhùn. Dúró di ìrọ̀lẹ́, wàá rí i pé yóò gbé orí sókè fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣì sorí kọ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀ngbẹ ń gbẹ ní tòótọ́. Fún un ní omi tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí ìdí, má dà á sórí. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ ni.

Ìyókù kò gbọ́rọ̀ gígùn. Bó bá ga dé ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì, já ẹnu rẹ̀ kó lè pẹ̀ka, torí orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń so òdòdó. Má fún un ní ajílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé lásán ni yóò máa wù. Tata yóò wá jẹ ewé rẹ̀, ìgbín náà yóò wá lóru. Ọwọ́ ni kí o fi ṣà wọ́n, ìgbín ní tirẹ̀ kò ṣe é jù nù.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, dúró kí ìrì gbẹ láàárọ̀, kí o gé àwọn tí orí wọn ti yí pé, tí ewé ìsàlẹ̀ wọn kò tíì máa já bọ́. Èyí tó bá pẹ́ jù lórí igi yóò tú dà sílẹ̀ nínú ilé, wàá máa gbá a kiri. Já ewé tútù ara igi rẹ̀ kúrò, kó bí mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, kí o fi rọ́bà tó ń fà dì wọ́n, kì í ṣe òwú, nítorí igi yóò sún kì bó bá ti ń gbẹ, èyí tí a fi òwú dì yóò sì yọ́ bọ́ nílẹ̀. So wọ́n rọ̀, kí orí kọjú sílẹ̀, ní ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ tí oòrùn kò dé. Má so wọ́n sí ilé ìdáná, kí èéfín epo má bà wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bí o bá tẹ igi rẹ̀, yóò dá pàkà. Gbé e sínú ìkòkò láìbu omi sí i. Bó bá di oṣù Òkúdù tí ilé bá rin, kó wọn sínú ike onídèérí títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi padà.

Fi bí orí mẹ́wàá sílẹ̀ lórí igi láìgé títí wọn yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀; inú wọn ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ wà, o kò tún ní ra mọ́, wàá sì rí fún aládùúgbò. Àlùkò ni kí o sì kọ́kọ́ gbìn, ọmọ mi. Funfun dára lójú, mo ní i nílé, ṣùgbọ́n ilé tó bá kọjú sí títì ní agbègbè wa yìí, eruku oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ti tó láti sọ ọ́ di àwọ̀ amọ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbìn ín sí.