Ẹ̀kọ́: Pínpín Iṣẹ́ Ilé Nígbà Tí Ara Ọkọ Tàbí Aya Kò Bá Le

Abala 23 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iyì iṣẹ́ mọ́ àwọn ìwà tí orílẹ̀-èdè yìí gbà ní ìwà ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ oṣù, òwò tàbí iṣẹ́ oko nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni omi pípọn, iṣẹ́ ni aṣọ fífọ̀, iṣẹ́ ni oúnjẹ sísè. Nígbà tí àìsàn bá wọlé ni a máa ń mọ ilé tí ó bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí àìsàn ń yí padà

Àpẹẹrẹ kan tí ó wọ́pọ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́, tàbí nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ olórí ohun tí ó ń fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ara ni ó ń mú. Aya tí ó ń gún iyán lánàá lè má lè di ife mú lónìí. Kódà lẹ́yìn tí ó bá ti ń rìn, àárẹ̀ lè máa mú un lójijì. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo sí i fún àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ilé. Kò sí ìyá ọkọ tàbí àbúrò nítòsí tí yóò yà wá gbálẹ̀. Bí ọkọ bá ní iṣẹ́ ìdí ààrò kò yẹ ọkùnrin, èjìká ọmọbìnrin tí ó dàgbà jù ni ẹrù náà máa ń bọ́ lé, ẹ̀kọ́ rẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ara ọkọ ni kò le, aya a máa so ọjà títà pọ̀ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn títí àárẹ̀ yóò fi dá òun náà dùbúlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìdí ààrò kì í ṣe èèwọ̀ fún ọkùnrin Yorùbá. Ọdẹ ń dáná nínú igbó. Àgbẹ̀ ń se oúnjẹ ní ahéré.

Ọ̀nà tí a lè gbà pín iṣẹ́

1. Kí tọkọtaya jókòó ka gbogbo iṣẹ́ ilé, títí kan èyí tí ojú kì í rí: rírántí àkókò oògùn, ríra èédú, lílọ sí ìpàdé òbí ní ilé ìwé.

2. Kí wọ́n pín in bí agbára ti rí lónìí, kì í ṣe bí ó ti rí kí àìsàn tó dé.

3. Kí a má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹni tí ó jókòó lè ṣa ẹ̀wà, ó lè ṣírò owó oúnjẹ, ó sì lè wo iṣẹ́ àmúrelé ọmọ. Kí a bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí ara rẹ̀ gbà.

4. Kí a tún ibi iṣẹ́ ṣe: àga sí ìdí ààrò, garawa kékeré dípò ńlá, ohun èlò sí ibi tí ọwọ́ tó. Ẹni tí ọwọ́ kan rẹ̀ kò lágbára kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò gbígbóná.

5. Kí a máa tún ètò náà yẹ̀ wò lóṣooṣù, kí olùtọ́jú sì ní àkókò ìsinmi tirẹ̀.

Ojúṣe ẹgbẹ́

Abala 24 nínú Ìwé Òfin náà sọ pé ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni láti ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú àti àlàáfíà bá àwùjọ tí ó ń gbé. Ẹgbẹ́ a máa bẹ aláìsàn wò pẹ̀lú èso àti owó. Ó dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, abọ́ ṣì wà nílẹ̀, omi sì ti tán nínú àmù. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹgbẹ́ lè yan ẹni tí yóò pọn omi, ẹni tí yóò bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, àti ẹni tí yóò gba ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkùnrin tí ń fọ aṣọ aya rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti tó láti lé e kúrò nídìí iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ kò lè ṣe aláìní.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìdílé wo nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó ń tọ́jú aláìsàn báyìí, ta ni ó sì ń pọn omi níbẹ̀?

2. Iṣẹ́ wo ni aláìsàn náà fẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún òun?

3. Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe kí ọmọ ilé náà má baà pa ilé ìwé tì?