Bí A Ṣe Lè Gbọ́ Ara Wa Yé Lóde Aláriwo Láì Ba Etí Wa Jẹ́

Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a má pe ènìyàn sí wòlíìmọ̀, yìgì síso tàbí ìsọmọlórúkọ ní Ìtórí níbí, ní Ewékorò, ní Ifọ̀ tàbí ní Abẹ́òkúta. Ní ọ̀pọ̀ òde bẹ́ẹ̀, sípíkà tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n ń tò síwájú, jẹnẹrétọ̀ á sì máa hó lẹ́yìn àgọ́. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sóde. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe lè bá ara wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí ó yé wa, kí a sì gbé etí wa padà wálé ní pípé.

OHUN TÍ ARIWO Ń ṢE NÍNÚ ETÍ

Lẹ́yìn awọ etí àti àwọn egungun kéékèèké mẹ́ta, ihò kan wà nínú lọ́hùn-ún tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi 15,000 wà tí wọ́n ní irun tín-ín-tìn-ín lórí. Bí ìró bá wọlé, irun yìí á mì, á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ìró bá le jù tàbí tí ó bá pẹ́ jù, irun náà á tẹ̀ bí koríko tí màlúù gbà kọjá. Nígbà mìíràn, ó lè tún dìde. Ìdí nìyí tí etí fi máa ń di tàbí kí ó máa hó lálẹ́ ọjọ́ òde, tí ó sì máa ń là lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kú nínú wọn kì í hù mọ́ lára ènìyàn.

Ohun tí kì í jẹ́ kí a tètè fura ni pé etí tí ariwo bà jẹ́ kì í kọ́kọ́ di pátápátá. Àwọn ìró tín-ín-rín bíi f, s àti ṣ ni ó máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹni náà á máa gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní yé e. Ẹ wo èdè wa: "ó fẹ́ ẹ", "ó sẹ́ ẹ", "ó ṣẹ́ ẹ". Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ mọ́ kò ní mọ̀ bóyá ìyàwó ni wọ́n fẹ́, gbèsè ni wọ́n sẹ́, tàbí igi ni wọ́n ṣẹ́.

BÍ A ṢE Ń MỌ ARIWO TÍ Ó TI LE JÙ

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. NIOSH, àjọ tí ń ṣe ìwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá ti fi 3 lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí 1. Bí ó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Kò ṣòro rárá fún sípíkà òde láti dé 100. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ariwo níbi àríyá má ṣe ju 100 lọ bí a bá pín in dọ́gba láàárín ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì pèsè ibi ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn lè sinmi sí.

Bí a kò bá ní ẹ̀rọ ìwọnrí, apá wa tó. Bí ẹni tí a lè nawọ́ kàn kò bá lè gbọ́ wa àfi tí a bá kígbe, ariwo ibẹ̀ ti ń pa etí lára.

Àwa tí a wà ní agbègbè yìí kò yẹ kí a ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti wà láti ọdún 1960. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta mọ̀ pé a kì í dúró tì í láì bo etí. Ní ọdún 1886, dókítà kan tí ń jẹ́ Thomas Barr ní ìlú Glasgow yẹ etí 100 ọkùnrin wò, àwọn tí ń fi òòlù kan àgbá irin ńlá fún ẹ̀rọ; kò rí ẹyọ kan nínú wọn tí etí rẹ̀ pé. Ṣé ó wá bójú mu kí a bo etí níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀, kí a sì lọ jókòó síwájú sípíkà ní ọjọ́ Sátidé láì bo nǹkan kan? Etí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo owó àti ariwo ayọ̀.

ARIWO Ń BÍ ARIWO

Étienne Lombard, dókítà ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1911 pé bí ariwo bá yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á ròkè láì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí lóde: tábìlì kan gbóhùn sókè, tábìlì kejì gbóhùn sókè jù ú lọ, ẹlẹ́rọ náà á tún fi kún tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbé ẹnu lé etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kígbe ti fi ariwo tí ó sún mọ́ni jù lọ kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Ìmọ̀ràn Lùkùmọ́ọ̀nù fún ọmọ rẹ̀ nípa rírẹ ohùn sílẹ̀, èyí tí ó wà nínú Súrà 31, wúlò fún etí ẹnìkejì wa pẹ̀lú.

Igbe kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yé ènìyàn. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí a bá ń kígbe, gbogbo ohùn á fẹ́ ròkè. "Ọkọ" àti "ọkọ̀" á wá di ọ̀kan náà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Kí a yan ìjókòó wa. Ní ìta gbangba, bí a bá sún láti mítà 4 sí mítà 8 sí sípíkà kan, ariwo rẹ̀ á dín ní bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6. Kí ọmọ ọwọ́ má ṣe sún mọ́ ọn rárá.

2. Kí a fi èdídí fóòmù sí etí. Òwú lásán kò tó, híjáàbù kò sì lè dí ariwo, ṣùgbọ́n èdídí lè wà lábẹ́ híjáàbù láì hàn. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìka yí fóòmù náà títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi wú. Bí ó bá wọlé dáadáa, ó lè dín ariwo kù ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Kí a má yọ èdídí nítorí pé ẹnìkan fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ariwo àti ohùn ẹni náà ni ó ń dín kù pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣì lè yé wa, ó tilẹ̀ lè yé wa jù. Ẹni tí ó fi èdídí sí etí ni kí ó rántí gbé ohùn tirẹ̀ sókè díẹ̀, nítorí ohùn ara rẹ̀ á máa dún ketekete sí i.

4. Bí kò bá sí èdídí, tí ẹnìkan sì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí wa létí, kí a fi ìka ti ẹran kékeré tí ó yọ síwájú ihò etí, kí ó fi bo ihò náà. Kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí etí, kí ó rọra sọ ọ́.

5. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí a fọwọ́ kan ẹnìkejì wa, kí ó yíjú sí wa, kí ó lè rí ètè wa.

6. Kí a kọ́ ọgbọ́n onílù. Dùndún kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó dákẹ́. Gbólóhùn tàbí oríkì ni ó máa ń lù, kí ohùn má baà rú ènìyàn lójú. Dípò "ọkọ̀ dà?", ẹ sọ pé "ọkọ̀ tí a wọ̀ wá dà?"

7. Kí a fi ojú àti ọwọ́ ṣe àdéhùn kí a tó kúrò nílé: àmì "ó tó àkókò láti lọ", àmì "oúnjẹ kò tó". Àwọn ìyá wa ti ń fi ojú báni wí lóde tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí ẹ fi hàn án. Èyí ni ó tún yẹ jù fún ẹni tí kò tọ́ kí a fẹnu kàn létí.

8. Kí a máa jáde sinmi níbi tí ariwo kò dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò òde, ẹ gbé sípíkà sókè ju orí ènìyàn lọ, ẹ má kọjú rẹ̀ sí àwọn àgbà tàbí àwọn alásè. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Yusuf Ọlátúnjí, tí ó kú ní 1978, ti fi sákárà dá wa lára yá. Ibẹ̀ náà ni Àyìnlá Ọmọwúrà, tí ó kú ní 1980, ti kọ àpàlà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orin wọn ni àwọn ènìyàn ń jókòó tẹ́tí sí. Orin tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di ariwo.

Bí etí bá ń hó fún ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ lọ rí dókítà etí. Bí ó bá sì di lójijì, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe da epo tàbí kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌRÒ

(i) Kí ni ìdí tí etí tí ó là ní ọjọ́ kejì kò fi túmọ̀ sí pé kò sí ewu?
(ii) Bí ariwo bá jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 97, ìṣẹ́jú mélòó ni NIOSH fi àyè gbà?
(iii) Àmì mẹ́ta wo ni ẹgbẹ́ wa lè fi ṣe àdéhùn fún òde tí ó ń bọ̀?
(iv) Ta ni yóò bá ẹlẹ́rọ sọ̀rọ̀ kí òde náà tó bẹ̀rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun dá etí wa sí fún wa, kí a lè gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wa àti ti ọmọ wọn.