MicroRNA àti Jẹjẹrẹ Awọ Ara: Ìdí Tí Àfín Fi Yẹ Kó Dé Fìlà

A ti kọ́ nípa DNA ní kíláàsì bàyọ́lọ́jì. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun kékeré kan tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Kí ni microRNA?
Ẹ jẹ́ ká lọ sí Apapa. Kí tírélà tó gbé kọ̀ǹtéénà jáde ní pọ́ọ̀tù, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ mú ìwé dání. Tí wọ́n bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ní géètì, ẹrù ò jáde nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì wa rí. DNA ni ọ́fíìsì àgbà. mRNA ni ìwé tí ọ́fíìsì kọ pé kí wọ́n ṣe purotéènì kan. MicroRNA ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì: ó máa ń di ìwé náà mú, wọn ò ní lè lò ó. Gígùn rẹ̀ ò ju bíi lẹ́tà 22 lọ. Lára aràn kan tó gùn tó mìlímítà 1 ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti ṣàwárí rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024.

Báwo ló ṣe kan jẹjẹrẹ?
Oòrùn tó pọ̀ jù máa ń ba DNA awọ ara jẹ́. Nínú jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní squamous cell carcinoma, iye àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe déédéé mọ́. Iṣẹ́ miR-203 ni láti mú kí sẹ́ẹ̀lì awọ dẹ́kun pípín, kó sì gbó. Òun á dín kù. miR-21 á wá pọ̀ jù, á máa gba ìwé PTEN. Bẹ́ẹ̀, PTEN ni bíréékì sẹ́ẹ̀lì! Ẹ̀yin náà mọ ibi tí tírélà tí ò ní bíréékì ń lọ.

Ta ló kàn?
Melanin tó mú awọ wa dúdú ni agboòrùn wa. Àwọn àfín ò fi bẹ́ẹ̀ ní in, ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ fi ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Áfíríkà nígbà tí wọn ò tíì dàgbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí aláwọ̀ dúdú má sọ pé kò kan òun o. Irú mìíràn, melanoma, máa ń yọ lábẹ́ èékánná àti ní àtẹ́lẹsẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, tó kú ní 1981 ní ọmọ ọdún 36.

Kí ni ká ṣe?
Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Egbò tí ò bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má fi àgbo tàbí ìpara ọjà Boundary tọ́jú ẹ̀ nìkan. Ẹ lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà ní Ajeromi. Bó bá le, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ àfín máa dé fìlà onígbòòrò, kí wọ́n sì máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn ní ásẹ́ńbílì àti lórí pápá. Kì í ṣe fáàrí. Kí ẹ̀ṣọ́ inú awọ wọn má bàa ṣìṣe ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá rí wọn nínú fìlà, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ fún wọn láyè lábẹ́ igi.

Ẹ dán ara yín wò: tí miR-21 bá dín kù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí PTEN?